Ọmọ ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́ lórí kàró

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kétu ni mo wà. Ajá wa bí ọmọ mẹ́ta, méjì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹyọ kan ló kù. Òní ló pé ọjọ́ 19. Ojú rẹ̀ ti là, ó ń mu ọmú dáadáa, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, àmọ́ kò lè dìde. Àyà ló fi ń wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tí mọ́tò tẹ̀. Pálọ̀ tí a tẹ́ kàró, ìyẹn táìsì, sí ló ń gbé, mo sì tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ kí ìtọ̀ má bàa máa rùn. Bàbá kan ládùúgbò ní arọ ni, kí n lọ jù ú sígbó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sín in ní gbẹ́rẹ́ lórúnkún. Àwọn ọmọ mi kò jẹun láti àná. Ṣé yóò rìn? – Ìyá Ìbejì"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ sì bá mi bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n jẹun. Ẹ má jù ú sígbó, ẹ má sì jẹ́ kí abẹ kàn án. Nínú ohun tí ẹ kọ, ohun mẹ́ta fi mí lọ́kàn balẹ̀: ó ń mu ọmú, ojú rẹ̀ ti là, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun méjì ló mú mi mi orí: "ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀" àti "mo tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀". Àwọn méjèèjì yìí, tí ẹ̀yin kà mọ́ ìtọ́jú, ni mo rò pé ó dá ọmọ yẹn dùbúlẹ̀.

Dókítà ni gbogbo èèyàn ń pè mí nítòsí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àmọ́ nọ́ọ̀sì ẹran ni mí. Irú ọmọ ajá tí ẹ ṣàpèjúwe yìí ti kọjá lọ́wọ́ mi tó kí n máa dá a mọ̀ látẹnu ọ̀nà. Àwọn dókítà ẹran tó fi Faransé kàwé ń pè é ní chiot nageur, ọmọ ajá tó ń lúwẹ̀ẹ́, torí bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ pa ilẹ̀ bí ẹni ń pa omi. Kì í ṣe arọ. Ẹsẹ̀ pé, egungun pé, iṣan ló rọ̀ tí kò lè kó ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ara.

Kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ọmọ ajá tí nǹkan kan kò ṣe a máa lajú láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ lágbára, tẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, á ti máa gbé àyà kúrò nílẹ̀, á máa dìde, á máa ṣubú. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń rìn tàgétàgé bí ẹni tó mu sódàbì yó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ń sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Tiyín ti pẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ jù. Egungun rẹ̀ ṣì rọ̀, ó ṣì ṣeé darí. Ìyẹn ni mo ṣe ń kánjú dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fún èèyàn nímọ̀ràn lórí èyí. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Èmi a máa wo ilẹ̀ kí n tó wo ẹsẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni ajá ń bímọ sí, lórí erùpẹ̀ pupa tàbí ilẹ̀ amọ̀ tí wọ́n lù, lẹ́bàá ààrò. Ó lè ju ọdún kan lọ kí n tó rí ọmọ ajá alúwẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí kàró wá di ohun tí gbogbo ẹni tó bá kọ́lé gbọ́dọ̀ tẹ́, tí ajá náà sì wọ pálọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wá. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kó lè dìde, ẹsẹ̀ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún tì í, ó tún yọ̀. Bó ṣe ń ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, iṣan tó yẹ kó máa fa ẹsẹ̀ wọlé kò rí iṣẹ́ ṣe, èyí tó ń tì í síta nìkan ló ń lágbára. Kàró nìkan ti burú. Ọ̀rá lórí kàró, tí ìtọ̀ wá dà lé lórí, ọṣẹ ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni sísanra. Nígbà tí ọmọ bá pé márùn-ún mẹ́fà, wọ́n ń jà sí ọmú, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń gun orí ara wọn, ìjà yẹn gan-an ló ń kọ́ ẹsẹ̀ wọn níṣẹ́. Ẹyọ kan tó dá wà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmú wà lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ń wúwo ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń le lọ, ni ara bá tẹ àyà mọ́lẹ̀. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tàbí ajá aláyà fífẹ̀ tún máa ń bá a pàdé ju àwọn ajá ilé wa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lọ, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran kan. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun kan ṣoṣo tó ń fà á, àmọ́ ilẹ̀ àti ikùn ni ọwọ́ yín lè dé lónìí.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wò ó dáadáa bóyá ohun tí mo ń rò ló ń ṣe é. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka méjì fún awọ tó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá ń fún ẹ̀wà wò bóyá ó ti jinná. Ẹ ṣe é fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá ń fa ẹsẹ̀ padà tó sì ń ké, ó ń gbọ́ ọ lára, inú mi dùn. Bí ẹsẹ̀ kan bá dúró gbagidi tí kò mì, tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tó tutù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tilé. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló fara pa. Ẹ ṣí ètè rẹ̀, ẹ wo èrìgì. Ó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, ó lè jẹ́ pé aràn tàbí eégbọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí àìlẹ́jẹ̀ sì mú kó rọ. Ẹ wo òkè ẹnu nínú lọ́hùn-ún bóyá ó là, pàápàá bí wàrà bá ń gba imú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ pa igbá àyà rẹ̀. Ó yẹ kó rí roboto bí ìtì igi. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé, ẹ̀dọ̀fóró kò ráyè. Bó bá ń lanu mí, tí ahọ́n rẹ̀ ń dúdú, ẹ má ka lẹ́tà yìí dópin, ẹ wá dókítà ẹran.

Ó dáa. Bí ó bá yege nínú gbogbo ìyẹn, ẹ ká ọ̀rá yẹn kúrò lónìí. Ẹ wá àpótí tàbí páálí tó fẹ̀ níwọ̀nba. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kó kòkó, kí ẹ wá fi táwẹ́lì tó ti gbó lé e, ẹ fi etí rẹ̀ há abẹ́ àpótí kó má bàa máa ká. Mo tún máa ń lo páálí tí wọ́n ń to ẹyin sí: ẹ da méjì délẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Àwọn kòtò kéékèèké yẹn máa ń gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, ẹsẹ̀ kò sì ní lè yọ̀ jìnnà. Á tutù tó bá tọ̀ sí i, ẹ ju èyíinì nù, ẹ gba òmíràn lọ́wọ́ ẹlẹ́yin. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó. Ọmọ tó kéré báyìí kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná dáadáa, nítorí náà ẹ má gbé e sójú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Tó bá ń sùn, ẹ̀gbẹ́ ni kó fi lélẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi àyà sùn. Ẹ ká aṣọ méjì bí òṣùká gígùn, ẹ fi há a níwájú àti lẹ́yìn kó má bàa yí padà, ẹ máa yí i láti apá kan sí èkejì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọjá. Àwọn ìbejì yín lè ṣe èyí. Ẹ fún ọ̀kan ní apá ọ̀tún, kí èkejì gba apá òsì, ẹ ó rí i pé wọn kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìdè ẹsẹ̀ ló kù, èmi fúnra mi sì ti jẹ̀bi níbẹ̀ rí. Ọmọ ajá àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni mo fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí àkàrà, ó tutù, ó dúdú. Mo gé rọ́bà náà, mo sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan tọ́jú egbò. Ó padà rìn, àmọ́ ọmọ ìka méjì já dànù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn, olówó ajá náà kò sì bá mi ṣọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí. Rọ́bà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, òwú ìránṣọ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, okùn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Pílásítà aláṣọ ni kí ẹ rà, èyí tí àwọn onífàmásì wa ń pè ní sparadrap, kí ẹ ra èyí tó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ máa nílò ẹnì kejì tí yóò gbé ọmọ náà dání lẹ́yìn tó bá ti mu ọmú tó fẹ́ sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ gbé e dúró bí ẹni pé ó ń rìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìbàdí rẹ̀ gan-an, kí ẹ wo bí àlàfo àárín wọn ṣe fẹ̀ tó. Fún ajá ilé wa tó bá tó ọjọ́ 19, àtàǹpàkò àgbàlagbà kan sí méjì ni yóò gba àárín yẹn. Ìwọ̀n yẹn lẹ ó fi sí. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ yí ẹsẹ̀ ká, lókè ọrùn ẹsẹ̀, kí pílásítà má bàa kan irun. Ẹ wá yí pílásítà ká ẹsẹ̀ kan, ẹ mú un gba àárín kọjá, ẹ yí i ká èkejì, ẹ mú un padà, kó rí bí òǹkà 8 tó sùn sílẹ̀. Ojú tó ń lẹ̀ lára pílásítà tó wà láàárín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn kó má bàa máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Tí ẹ bá parí, ẹ ki ṣóńṣó ìka kékeré yín sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ó fún jù. Ẹ tú u, ẹ tún un dì.

Bí ẹsẹ̀ iwájú náà bá ń ya, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lókè ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí tẹ̀yìn mọ́ ọn lára fún ọjọ́ kan ná. Wákàtí díẹ̀ ni kó fi wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá yọ ọ́ lẹ́nu, ó lè wà lẹ́sẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ẹ máa wo ọmọ ìka láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: ṣé ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣé àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣé kò wú? Ọmọ ajá ń dàgbà lójoojúmọ́, pílásítà kì í dàgbà, nítorí náà bó ti wù kó rí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, òróró àgbọn díẹ̀ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, ẹ má fà á ya. Ìyá rẹ̀ lè fẹ́ fi eyín tú u. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà ọmú.

Ìdè kò lè dá kọ́ni nírìn. Ẹ̀yin lẹ mọ eléyìí ju mi lọ, Ìyá Ìbejì, ẹ ti tọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá àgbà ṣe ń nà án lọ́wọ́ nà án lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, bí a ṣe ń di ọmọ mú lábẹ́ abíyá tí a ń kọ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ fi ìka pa iṣan itan rẹ̀ rọra, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ mú, ẹ kó o jọ sínú, ẹ nà án síta, bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, ìgbà 10 tàbí 15 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń ké, ẹ ti fi agbára jù. Ẹ wá búrọ́ṣì ìfọyín rírọ̀ tí ẹ kò lò mọ́, ẹ fi gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀; á máa ká ọmọ ìka kò, á máa tì í padà, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ gba abẹ́ ikùn rẹ̀ bí ọ̀já, ẹ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí kì í yọ̀, kí ẹ jẹ́ kó fi ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ dá ara rẹ̀ gbé, kí ẹ tún gbà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kó tó ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Ẹni tó bá ṣe é fún wákàtí kan láàárọ̀ tó wá lọ sọ́jà títí alẹ́ kò ṣe nǹkan kan.

Omi náà dára. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, irú èyí tí ẹ máa ń fi ìgúnpá dán wò kí ẹ tó wẹ ọmọ. Ẹ fi ọwọ́ gbé àyà rẹ̀ kí orí wà lókè dáadáa, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ta fún ìṣẹ́jú méjì. Má ṣe é nígbà tí ikùn rẹ̀ bá kún fún wàrà, má sì ṣe é láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ nù ún gbẹ kíákíá.

Ní ti ọmú, ẹ má febi pa á o. Ìgbà tí yóò mu ún ni kí ẹ máa ṣètò. Ẹ máa gbé ìyá jáde, kó padà wá ní bíi wákàtí mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, lóru náà kó ráyè wọlé. Tó bá wọlé, ẹ má gbé ọmú sẹ́nu ọmọ. Ẹ gbé ọmọ náà jìnnà ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kó wọ́ lọ, kó gun aṣọ tí ẹ ká sílẹ̀ kọjá, kí ẹ fọwọ́ ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn kí ẹsẹ̀ má ya. Ebi ni olùkọ́ tó dára jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré, ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ó yẹ kó ṣì máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kó máa fò sókè, kò sì gbọ́dọ̀ máa rù. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Àkàsà nìkan kò tó abiyamọ ajá. Ẹ fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ tàbí ẹyin bíbọ̀ sí i.

Tó bá ń wọ́lẹ̀, ìtọ̀ máa ń jó o níkùn. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Bí ẹ kò bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fi òwú tútù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa nù ún nídìí bí ahọ́n ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, á yàgbẹ́. Oògùn aràn fún ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran, kó wọ̀n ọ́n kó tó fún un.

Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ fi sí i lára: ìpara gbígbóná tí a fi ń pa ẹ̀yìn dídùn, nítorí kanfọ̀ àti mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè ṣekú pa ọmọ ajá, parasitamọ́ọ̀lù àti oògùn ara ríro tèèyàn, sódàbì, àti gbẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bá mi kí wọn, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ojú ọgbẹ́ lórúnkún ọmọ tó ń wọ́ nínú ìtọ̀ kò ní jẹ́ kí kòkòrò pẹ́ kó tó wọ inú oríkèé. Ìgò kásíọ̀mù tí àwọn kan máa ń sáré rà, ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹja fún ìyá. Àìtó kásíọ̀mù kọ́ ló ń ṣe é, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ba egungun ọmọ ajá jẹ́.

Ẹ bi mí pé ṣé yóò rìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí láìfọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, wọ́n rìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn kan dìde lọ́jọ́ karùn-ún. Àwọn tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya bíi tiyín máa ń pẹ́ díẹ̀ ju àwọn tó jẹ́ tẹ̀yìn nìkan, àyà wọn náà máa ń padà rí roboto bí wọ́n bá ti ń dúró. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ṣọ́ ilé alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Adjarra; ẹsẹ̀ rẹ̀ yà síta díẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n olè tó bá wọlé kò ní ráyè wo ìyẹn. Àwọn tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀, ọwọ́ mi kì í sábà ká wọn.

Àmì àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí kò ní jẹ́ ìrìn. Ẹ ó bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó jókòó lórí ìdí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lábẹ́ ikùn, tí orí rẹ̀ ń mì. Ẹ má tú ìdè náà lọ́jọ́ yẹn. Ó di ìgbà tó bá dá rìn yí àpótí ká fún ọjọ́ méjì tí ẹsẹ̀ kò yọ̀ kí ẹ tó ṣí i, kàró sì tún di èèwọ̀ fún un títí tí yóò fi pé oṣù méjì. Ẹ má fi bímọ tó bá dàgbà.

Tó bá fi máa pé ọjọ́ 30 tí kò tíì jókòó rárá, tàbí tí mímí rẹ̀ bá ń yára sí i, ẹ wọ mọ́tò àárọ̀ tó ń gba Pobè àti Sakété bọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Ouando. Ẹ fi òṣùká méjèèjì há a nínú apẹ̀rẹ̀ kó má bàa fi àyà sùn lọ́nà. Ẹ mú ìyá rẹ̀ dání. Ọ̀nà náà jìn fún ọmọ tí kò tíì jáwọ́ lọ́mú, èmi náà sì fẹ́ wo ẹsẹ̀ ìyá.